Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Ewé Tó Ń Bọ́ Sínú Àbàtà àti Ọ̀rá Ilẹ̀ Ibẹ̀

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀,
Nípasẹ̀ Akọ̀wé Ìjọba Ìbílẹ̀,
àti ẹ̀yin Kánsẹ́lọ̀ gbogbo.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń hun agbọ̀n, ẹní àti àga pánkẹ́rẹ́ kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A mọ̀ pé ìwé tó wà níwájú yín pọ̀, nítorí náà a óò lọ tààrà síbi tọ́rọ̀ wà. À ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá gọ́tà tí wọ́n ń là gba àárín àbàtà kọjá dúró, kí ẹ sì fòfin de gbígbá ewé ilẹ̀ ibẹ̀ jọ àti dídáná sun ún, kí ilẹ̀ náà tó ṣá pátápátá.

Inú àbàtà yìí la ti ń gé pánkẹ́rẹ́ àti imọ̀ ògùrọ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́. A kì í gbìn wọ́n, a kì í fún wọn ní ajílẹ̀. Igi tó ń wọ́wé lé ilẹ̀ wọn lórí ló ń bọ́ wọn. Ohun tó ń dun wá ni pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe ní etí àbàtà báyìí, orí ewé yẹn ló ń já lé. Àwọn kan gé igi, wọ́n la gọ́tà kí omi lè fà, wọ́n fi ibẹ̀ dáko. Àwọn mìíràn gbin yukalíptọ́ọ̀sì nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ilẹ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìmọ́tótó fún ń gbá ewé abẹ́ igi jọ, wọ́n ń tanná ràn án, wọ́n ní àyíká ń mọ́. Lápá ibi tí ilé ti ń wọ àbàtà, típà ń da yanrìn lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, bí ẹ bá wọ abẹ́ igi níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, tí ẹ bẹ̀rẹ̀, tí ẹ fi ọwọ́ hú ilẹ̀ wò, ẹ óò rí i pé ewé ibẹ̀ wà ní ìpele-ìpele. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ló wà lókè, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣá. Abẹ́ rẹ̀ ni ewé tó ti rin gbingbin, tó ti dúdú, tí olú ti ta òwú funfun wẹ́wẹ́ sí lára. Tí ẹ bá tún hú u díẹ̀ sí i, iṣan ewé nìkan lẹ óò bá, nítorí kòkòrò ti jẹ ara rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ dúdú, tó tutù, tó rọ̀, tí gbòǹgbò tín-ín-rín kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn gbòǹgbò wọ̀nyí kì í wọlẹ̀ jìn. Àárín ewé tó ń jẹrà yẹn ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn wà. Ẹni tó bá gba ewé yẹn lọ, oúnjẹ igi ló gbà lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Kí ewé tó bọ́, igi á ti kọ́kọ́ fa nǹkan bí ìdajì náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tó ń bọ́ igi, padà sí ara. Ìyókù ló bá ewé sọ̀kalẹ̀. Pọtásíọ̀mù, tí òun náà jẹ́ oúnjẹ igi, ló kọ́kọ́ ń jáde, nítorí òjò lásán ti tó láti fọ̀ ọ́ kúrò lára ewé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í yára bẹ́ẹ̀. Ó dìgbà tí olú àti àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí bá tú ewé náà palẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn olú yìí á tilẹ̀ kọ́kọ́ fa náítírójìn láti àyíká wá sínú ewé kí wọ́n tó dá a padà fún ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wò ó: wọ́n á wọn ewé gbígbẹ, wọ́n á dì í sínú àpò aláwọ̀n, wọ́n á gbé e sílẹ̀ nínú àbàtà, wọ́n á máa yọ ọ́ wò lóòrèkóòrè láti mọ iye tó ti jẹrà. Nínú igbó ilẹ̀ olóoru, ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ sórí hẹ́kítà kan lọ́dún kan sábà máa ń wà láàárín tọ́ọ̀nù 5 sí 12, lẹ́yìn tó bá ti gbẹ. Kò sí ẹni tó máa ra ajílẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ fún àbàtà. Igi ń kó o wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Omi ló ń pinnu bí ewé ṣe ń jẹrà kíá tàbí pẹ̀lẹ́. Níbi tí omi bá dúró sí, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlẹ̀ dáadáa, ìjẹrà á falẹ̀, ewé ọdún yìí á gorí tèṣí, ilẹ̀ dúdú á máa nípọn sí i. Ní àárín gbùngbùn agbègbè odò Kóńgò, àwọn onímọ̀ gbé ìròyìn jáde lọ́dún 2017 nípa àbàtà kan tó gba ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà 145,000 níbùú lóròó, tí kábọ́ọ̀nù (èròjà tó pọ̀ jù nínú èédú) inú ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí bílíọ̀nù 30 tọ́ọ̀nù. Ewé, ẹ̀ka àti gbòǹgbò tó kú, tí omi kò jẹ́ kó jẹrà tán, ló kó ara jọ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá.

Ibi tí gọ́tà ti ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá fa omi àbàtà, afẹ́fẹ́ á ya wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ohun tí ewé ti kó pamọ́ fún ìgbà pípẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà kíákíá, oúnjẹ inú rẹ̀ á tú jáde. Oko tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá síbẹ̀ á ta yọ, inú olóko á dùn, á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ àbàtà lọ́ràá, òun náà á wá la tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ná yẹn, owó àpamọ́ ni. Kò sí igi mọ́ tí yóò fi ewé tuntun rọ́pò rẹ̀. Òjò á gbé èyí tó tú jáde lọ sínú odò, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì máa wó lọ sísàlẹ̀. Ní ìlà oòrùn gúúsù Éṣíà, níbi tí wọ́n ti fa omi irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ gbẹ láti gbin ọ̀pẹ àti igi bébà, wọ́n wọ̀n ọ́n pé ilẹ̀ lọ sílẹ̀ ju mítà kan lọ láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́dọọdún. Ilẹ̀ tó bá ti wó bẹ́ẹ̀, omi tí wọ́n ń sá fún ni yóò padà wá bò ó.

Òkèèrè la ti í wo igi gogoro tó bá fẹ́ gún ni lójú. Lọ́dún 1996, ìjọba Indonesia bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní àárín gbùngbùn Kalimantan, apá tiwọn lára erékùṣù Borneo, pé àwọn yóò sọ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan hẹ́kítà àbàtà di oko ìrẹsì. Wọ́n gé igbó, wọ́n gbẹ́ ojú omi tó gùn ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kìlómítà lọ. Ìrẹsì náà kò ṣe dáadáa, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì. Àmọ́ ilẹ̀ ti gbẹ. Lọ́dún 1997 iná ràn mọ́ ọn, ó sì tún jó burúkú lọ́dún 2015, tí èéfín rẹ̀ gba orí òkun dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Títí di òní ni wọ́n ń náwó láti dí àwọn ojú omi tí wọ́n fi owó gbẹ́. A kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiwa dà bẹ́ẹ̀.

Ti iná ewé tí wọ́n ń dá, a ò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Náítírójìn inú ewé máa ń bá èéfín lọ ni. Eérú tó kù ní pọtásíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí kò bá sí ewé tó bo ilẹ̀, òjò ńlá kan ṣoṣo ti tó láti gbá a lọ sódò.

Ọ̀rọ̀ yukalíptọ́ọ̀sì ṣòro fún wa láti sọ, nítorí àwọn tó gbìn ín jẹ́ aládùúgbò wa, wọ́n sì fẹ́ igi tó tètè dàgbà. Ewé rẹ̀ le, òróró àti oró inú rẹ̀ kò jẹ́ kí kòkòrò inú omi fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó jẹrà. Oríṣiríṣi igi ló yẹ kó wà nínú àbàtà: èyí tí ewé rẹ̀ rọ̀ ń yára bọ́ ilẹ̀, èyí tí ewé rẹ̀ le ń pẹ́ lórí ilẹ̀ láti bò ó. Níbi tó bá jẹ́ oríṣi igi kan ṣoṣo, ẹnu ilẹ̀ á gbẹ.

Ti yanrìn, ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé pánkẹ́rẹ́ àti ògùrọ̀ àbàtà kò lè ṣe dáadáa lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ nípa omi tí gbogbo ìlú ń lò, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ju ti àwa ahun-nǹkan lọ. Ajílẹ̀ tí àwọn olóko òkè ń lò ń ṣàn wá sísàlẹ̀. Nígbà tó bá gba inú àbàtà tó ní ewé kọjá, àwọn ohun abẹ̀mí tójú kò rí, tí wọ́n ń jẹ ewé náà, máa ń sọ náítírójìn inú omi di afẹ́fẹ́, á sì fò lọ. Ewé ni oúnjẹ wọn. Tí ẹ bá gbá ewé kúrò, iṣẹ́ yẹn á dín kù, ajílẹ̀ tó pọ̀ á wọ odò, ewéko orí omi á bo ojú odò, ẹja á máa kú nítorí kò rí afẹ́fẹ́ mí. Ní àbàtà etí òkun, ewu mìíràn tún wà ńbẹ̀: imí-ọjọ́ tó so mọ́ irin ń sùn lábẹ́ ẹrẹ̀, tí omi bá fà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, á di ásíìdì tó ń pa ẹja àti irúgbìn.

Àwọn ìjọba mìíràn ti fọwọ́ sí ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí. Òfin ìpilẹ̀ Uganda tọdún 1995 sọ pé ìjọba ló ń di àbàtà mú fún gbogbo ará ìlú. Wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí àbàtà Nakivubo ní Kampala ló ń gba omi ìdọ̀tí ìlú náà kó tó wọ adágún Victoria. Òfin igbó Brazil tọdún 2012 ní kí wọ́n fi mítà 30 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan odò tí kò fẹ̀ ju mítà 10 lọ, àti mítà 50 yí orísun omi ká. Àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà sì ti wà láti ọdún 1971, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Iran.

Nítorí náà, ohun tó jẹ wá lógún jù ni gọ́tà. Kí ẹ má ṣe sanwó apá tó kù nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi igi àti ẹrẹ̀ dí èyí tí wọ́n ti là, kí omi lè padà sí ibi tó máa ń dúró sí. Kí ẹ pa igi mítà 30 mọ́ lẹ́bàá omi, kí ẹnikẹ́ni má gé e, kí ẹnikẹ́ni má gbá ewé abẹ́ rẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó máa kó náílọ́ọ̀nù àti ike nìkan nínú àbàtà. Kí ilẹ̀ tí a óò fún ilé kíkọ́ máa jẹ́ ilẹ̀ òkè.

A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ lé olóko. Ẹni tó bá fẹ́ dá àkùrọ̀ ní etí àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìla gọ́tà àti láìdáná, kí ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Kí àwọn tó ti gbin yukalíptọ́ọ̀sì máa gé e nígbà tó bá tó, kí wọ́n sì fi ògùrọ̀ àti igi àbàtà mìíràn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwa yóò fún wọn ní irúgbìn, a ò ní gba owó.

Òfin wà fún àwa náà. Ẹgbẹ́ wa ti fẹnu kò pé a kò ní gé pánkẹ́rẹ́ tí kò tíì gbó, a kò ní gé gbogbo ọ̀pá tó wà lórí ìdí kan tán, a kò sì ní pa igi tó gùn lé. Imọ̀ ògùrọ̀, díẹ̀ la ó máa mú lára igi kọ̀ọ̀kan kí ọkàn rẹ̀ má bàa kú. Ègé tí a kò lò, a ó fi í sílẹ̀ nínú àbàtà kó jẹrà síbẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí nínú wa, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ bá a wí.

Ó ti hàn lára ohun tí a ń hun pé ilẹ̀ ti ń yí padà. Pánkẹ́rẹ́ tí a ń rí lápá ibi tí gọ́tà gbà kọjá kò gùn mọ́, nítorí kò sí igi tó máa gùn lé. Ó ń tínrín, ó sì ń ya nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ yí ọwọ́ àga ká. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ń jókòó láìríṣẹ́ ṣe.

A ń tọrọ ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí Alága àti Kánsẹ́lọ̀ tó ń bójú tó ètò àyíká bá wa wọ àbàtà. A óò mú yín lọ sí ibi tí gọ́tà ti kọjá, a óò sì mú yín lọ sí ibi tí igi ṣì wà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín hú ilẹ̀ méjèèjì wò kí ẹ tó pinnu. Tí ẹ bá ti dá ọjọ́, kí ẹ jẹ́ kí Akọ̀wé Ìjọba Ìbílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ní ibùdó iṣẹ́ wa.

Àwa tiyín nítòótọ́,

Alága ẹgbẹ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́,
Ìyá ẹgbẹ́,
fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń hun agbọ̀n, ẹní àti àga pánkẹ́rẹ́.