Ta ni yóò dúró lẹ́yìn tí bàálù bá ti lọ?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àlùbọ́sà ni mo ń tà ní ọjà Mile 12. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní kí àwọn ìjọba alágbára kó bàálù jọ, kí wọ́n lọ fi àdó olóró pa àwọn agbésùnmọ̀mí Mali, Burkina Faso àti Niger rẹ́, kí Nàìjíríà náà sì kó ṣọ́jà tì wọ́n lẹ́yìn. Ó ní ìjà ọ̀nà jíjìn ni, kò lè ta bá wa ní Èkó. Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Mo mọ ìró àdó olóró. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, Máfolúkù ni mo ń gbé. Ẹ̀wà wà lórí sítóòfù. Àfi gbàmù! Àwọn àdó olóró tó wà ní bárékè Ìkẹjà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Gíláàsì fèrèsé wa fọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ọ̀run pọ́n kankan. Ẹnì kan ní ogun ló dé, ẹlòmíràn ní ṣọ́jà ti gbàjọba. Mo pọn àbúrò nínú àwọn ọmọ mi, mo fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, a bá èrò sá gba Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Òkè-Àfà. Koríko ti bo ojú omi kánààlì tó wà níbẹ̀, ó rí bíi pápá, àwọn tó ṣáájú wa sì rò pé ilẹ̀ ni. Ọkùnrin kan tí n kò rí ojú rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì dínà, ó ń pariwo pé, "Omi ni o! Ẹ má bọ́ síbẹ̀, omi ni!" Ohùn rẹ̀ ni Ọlọ́run fi gba èmi àtàwọn ọmọ mi là. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí mo padà délé lọ́jọ́ kejì, kẹrosíìnì ti jó tán, ẹ̀wà ti di èédú ní ìdí ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni kò ju àdó yẹn lù wá. Ẹ wá ro ti abúlé tí wọ́n dìídì ń wò láti òkè kí wọ́n tó jù ú. Àwọn ọmọ ogun òfurufú tiwa gan-an ló ṣèèṣì ju àdó olóró sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno, ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Ní Tudun Biri, ní Kaduna, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, dróònù àwọn ṣọ́jà wa pa èèyàn tó tó 85, ó kéré tán, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Máólúdì. Bí ọmọ onílé bá lè ṣì í mọ̀ báyìí, kí ni àjèjì tó ń wo abúlé ọlọ́mọ láti ìlú òkèèrè fẹ́ mọ̀?

N kò ní kí a fọwọ́ lẹ́rán o. Ẹni tó jí ọmọbìnrin 276 kó ní Chibok lóru ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ẹni tí ẹ̀bẹ̀ ń lé lọ. Mo sì gbà pé ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ọmọ ogun Faransé ló dá àwọn agbésùnmọ̀mí tó ti gba ìlú Konna dúró ní Mali. Àwọn ará Timbuktu yọ̀ sí títì nígbà tí wọ́n lé wọn jáde. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Nígbà tí ṣọ́jà Faransé tó kẹ́yìn kúrò ní Mali ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ìjà àríwá ti wọ àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, ó ti ràn dé Burkina Faso àti Niger. Bàálù lé wọn kúrò nígboro, wọ́n wọ abúlé lọ. Lábúlé ọ̀hún, ta ni ọlọ́pàá? Ta ni adájọ́? Bí darandaran àti àgbẹ̀ bá ń jà, àwọn agbésùnmọ̀mí ló ń dá ẹjọ́ wọn. Àdó olóró kì í dá ẹjọ́. Ogún ọdún ni Amẹ́ríkà fi wà ní Afghanistan, Taliban ṣì padà wọ Kabul ní ọdún 2021.

Ẹni tó ní kò lè ta bá wa, kó wá sí ìsọ̀ mi. Nígbà tí ṣọ́jà gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dá ìjọba padà fún Ààrẹ tí wọ́n lé, wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lè lo agbára ológun. Ilé Aṣòfin Àgbà wa ní kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba wa ti bodè àwa àti Niger pa. Àlájì tó ń kó àlùbọ́sà fún mi láti Illela, ìlú ẹnubodè ní Sokoto, pè mí pé, "Màmá, mo ń wo ọjà yín lódìkejì, n kò lè fọwọ́ kàn án." Àwọn àpò tó padà dé ọ̀dọ̀ mi ti ń ṣomi nídìí. Mo tú wọn sílẹ̀, mo ń ṣa èyí tó le sọ́tọ̀, òórùn rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣí bodè.

Ti àlùbọ́sà kéré. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS pátápátá. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, Niger yọ ẹsẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjùmọ̀ní tó ń bá Boko Haram jà ní agbègbè adágún Chad. A halẹ̀, a ti bodè, a kò yìn ìbọn kan, ẹni tí a jọ ń ṣọ́nà ti padà lẹ́yìn wa.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ní kí Ààrẹ gba àṣẹ Ilé Aṣòfin Àgbà kó tó kó ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi, àfi bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti pàjáwìrì. Mo bẹ àwọn aṣòfin àgbà mẹ́ta tó ń ṣojú Èkó: bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú yín, ẹ béèrè orúkọ abúlé tí wọ́n ń lọ. Ẹ béèrè ẹni tí yóò ṣe ọlọ́pàá àti adájọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí bàálù bá gbéra, àti ẹni tí yóò ka òkú. Bí ẹ kò bá rí èsì gbà, ẹ dá ìwé wọn padà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alálùbọ́sà,
Mile 12, Èkó.