Lẹ́tà sí Jan Koller

Ẹ̀gbọ́n Koller,

Mo kí yín o. Ẹ kò mọ̀ mí. Sunday Oliseh, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ni mo torí ẹ̀ ń wo Dortmund, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Jámánì, ní 2001, tí ọkùnrin gàgàrà kan tó fárí kodoro fi dé láti Anderlecht ní Bẹ́ljíọ̀m: ẹ̀yin nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti dárúkọ yín, ọjọ́ tí Dortmund lọ bá Bayern gbá ní Munich, tí ẹ̀yin atamátàsé wá ṣọ́lé, ni wọ́n máa ń rò. Oṣù kọkànlá 2002 ni. Ẹ ti kọ́kọ́ jẹ góòlù, Bayern dá a padà, wọ́n tún fi ọ̀kan lé e, rẹfirí wá lé Jens Lehmann, aṣọ́lé yín, jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ rọ́pò rẹ̀. Bayern ò rí ọ̀kan jẹ mọ́ títí fèrè fi dún, 2-1 ló parí sí. Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni. Èmi ò gbà. Ìyanu wo ló wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ aṣọ́lé lẹ kọ́ láti kékeré?

Ti Lokeren ló wù mí jù. Sparta Prague, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Czech yín, ò fi bẹ́ẹ̀ lò yín, lẹ bá gba Bẹ́ljíọ̀m lọ ní 1996, sí ìlú kékeré tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún 23 ni yín. Àwọn ọmọ àdúgbò wa tó bá pé ogún ọdún láìrí ẹgbẹ́ Yúróòpù, ṣe ni wọ́n ń gé ọjọ́ orí! Ẹ̀yin fara balẹ̀ níbẹ̀, ní sáà 1998-99 ẹ jẹ góòlù 24, ẹ ta gbogbo líìgì yọ. Ìgbà yẹn ni Anderlecht ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yín.

Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, ẹ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Amẹ́ríkà, kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí wọ́n ti fi ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn gbé yín jáde. Láìsí yín, Ghana na Czech ní 2-0. Ẹ má bínú, a jó lọ́jọ́ náà.

Góòlù 55 nínú ìdíje 91 fún orílẹ̀-èdè yín, kò tíì sẹ́ni tó bá yín níbẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn Monaco, Nuremberg àti Samara ní Rọ́ṣíà, Cannes lẹ tún lọ, ní ìpele kẹta ní Faransé, tí ẹ ń gbá a títí di 2011. Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyí: ṣé owó ni, àbí bọ́ọ̀lù ò tíì sú yín? Ẹ lè fi èdè Czech dáhùn, màá wá ẹni tó gbọ́ ọ.

Èmi ni,
Olólùfẹ́ yín láti Ìbàdàn