Sí ọ̀rẹ́ mi, lórí ọ̀rọ̀ èékánná àti gìtá ayé Sor

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ọwọ́ rẹ ti tẹ gìtá kékeré tí wọ́n ṣe gẹ́gẹ́ bí irú èyí tí René Lacôte ń ṣe ní Paris láyé ọjọ́un. O bèèrè bóyá dandan ni kí o gé èékánná kí o tó máa fi ta orin Fernando Sor, ará Sípéènì tó ń ta gìtá tó sì ń kọ orin fún un.

Gé e, ṣùgbọ́n má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn ará ìgbà náà ń gbà ta gìtá. Sor, tó jẹ́ pé ẹran ìka lásán ló fi ń ta tirẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ́ni tó tẹ̀ jáde ní 1830 pé òun kò lè fara da ohùn èékánná; síbẹ̀, èékánná ni Dionisio Aguado, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tí wọ́n jọ gbé ilé kan náà ní Paris, ń lò, Sor sì kọ orin ẹlẹ́ni-méjì tí àwọn méjèèjì jọ ń ta. Èyí tó wù mí jù ni pé Aguado fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé nígbà tí òun gbọ́ Sor, òun pa èékánná àtàǹpàkò tì, kò sì dun òun. Lórí àwọn ìka yòókù, ẹran ìka ló ń kọ́kọ́ kan okùn kí èékánná tó tẹ̀ lé e.

Okùn ló mú mi sọ pé kí o gé tìrẹ. Náílọ́ọ̀nù kò dé orí gìtá títí di àwọn ọdún 1940. Ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe okùn mẹ́ta tó tín-ín-rín, òwú ṣẹ́dà tí wọ́n wé wáyà mọ́ sì ni mẹ́ta yòókù. Èékánná tí etí rẹ̀ kò dán a máa họ ìfun ní fọ́nrán-fọ́nrán, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ní ti ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún, Carcassi, olùkọ́ gìtá ará Ítálì ìgbà náà, ní kí a gbé e lé pákó iwájú gìtá wẹ́rẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn àkọ́kọ́. Sor kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Dán an wò pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka méjì péré, kí o fi ìka òrùka sílẹ̀ fún ìgbà tí ohùn mẹ́rin bá pàdé. Ìka tó ń ta okùn tán tó sì ń balẹ̀ sórí okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ti kọ́ wa, kì í ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Lójú tèmi, ńṣe ló ń fún gìtá kékeré bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Carulli, olùkọ́ gìtá mìíràn láti Ítálì, tilẹ̀ fọwọ́ sí i kí àtàǹpàkò ọwọ́ òsì máa ká ọrùn gìtá láti tẹ okùn tó nípọn jù, ohun tí Sor kò fẹ́ rí rárá. Bí o bá ń ta ti Carulli, ṣe bí Carulli.

Kọ̀wé sí mi bí o bá ti pààrọ̀ okùn náà, kí o sì dárúkọ irú èyí tí o rà, nítorí tèmi ti ń já léraléra.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.