Ẹ fi ọlidé yìí kọ́ àwọn ọmọ ní ẹja pípa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Láti ìgbà tí iléèwé ti gba ọlidé gígùn, àwọn obìnrin tó ń wá gba aṣọ lọ́dọ̀ mi ń béèrè lẹ́sìnnì tí mo fi àwọn ìbejì mi sí. Mo ní láàárọ̀ Sátidé, ẹja pípa ni mò ń kọ́ wọn. Ọ̀kan pariwo pé, "Háà, Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ fẹ́ kí omi gbé wọn ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ ìwé yìí.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Igbókòdá ni wọ́n bí mi sí, apẹja ni bàbá mi, kò sì yọ àwa obìnrin sílẹ̀. Kí ó tó fi ìwọ̀ hàn wá, omi ló kọ́kọ́ kọ́ wa: ibi tó ti ń yọ̀, ibi tó ti jìn lójijì, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń yí padà bí òjò bá ti rọ̀ lókè. Níbí ní Àkúrẹ́, Odò Alà la ìlú kọjá, ṣùgbọ́n a ti fi ìdọ̀tí bà á jẹ́ débi pé àwọn ọmọ rò pé gọ́tà ńlá ni. Ọmọ tí àgbà ò bá mú lọ sódò, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò yọ́ lọ lọ́jọ́ kan. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù.

Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni mo máa ń kó wọn lọ, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, nínú oṣù kẹjọ tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí a fi ń débẹ̀, torí òru ni àrọ̀ ń jẹun. Ekòló ni ìjẹ wa. Lọ́dún tó kọjá, ìwọ̀ gún Táyé ní àtàǹpàkò, ojú mi rí nǹkan kí n tó yọ ọ́. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi pláyà tẹ ẹ̀gún kékeré tó yí sẹ́yìn lẹ́nu ìwọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹja kan tàbí méjì lè já lọ. Kí ó máa lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo lítà 5 kan tí mo dé pa, tí mo so okùn mọ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá já sómi, kẹ́ẹ̀gì ni kí wọ́n jù sí i, wọn ò gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀lé e.

Ní Sátidé tó kọjá, bàbá apẹja kan gbé ìgèrè rẹ̀ sókè, èpìyà kan wà níbẹ̀. Bó ṣe dì í mú, àwọn ọmọ wíníwíní bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ẹnu rẹ̀. Kẹ́hìndé bú sẹ́kún, ó rò pé ẹja náà gbé ọmọ ọlọ́mọ mì ni. Bàbá náà jókòó tì í, ó ní ẹnu ni ìyá wọn fi ń pọ̀n wọ́n: ibẹ̀ ló ń kó ẹyin sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sá sí bí ewu bá dé. Ó dá gbogbo wọn padà sódò. Ó wá sọ fún wa nípa àwọn tó ń da Gamalin, oògùn kòkó, sínú omi láti fi pẹja, tó ń pa ìyá, tó ń pa ọmọ, tó sì ń ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá. Kẹ́hìndé ti wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ẹja báyìí. Èyí tí kò bá tó o, ó di odò.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òbí ni bàbá rẹ̀ pẹja. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ FUTA, yunifásítì ìlú wa, tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹja, àti àwọn tó ń sin ẹja káàkiri Àkúrẹ́: ẹ yọ̀ǹda adágún kan tí kò ju ìbàdí ọmọdé lọ fún wa, Sátidé kan ṣoṣo nínú ọlidé. Kí òbí san owó ẹja tí ọmọ rẹ̀ bá mú. Ọ̀pá ìwọ̀ 10 wà nílé mi, mo ti tẹ ẹnu gbogbo wọn, mo sì ti ṣe tán láti wá dúró ti àwọn ọmọ náà.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, aránṣọ,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.