Àwọn Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Àtúntò

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní wọ́n ti fi ọ́ sínú ìgbìmọ̀ tí yóò ṣe àtúntò ilé-iṣẹ́ yín, pé ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ pa pọ̀ di ọ̀kan, àti pé gbogbo ìjíròrò yín títí di ìsinsìnyí dá lórí iye òṣìṣẹ́ tí yóò lọ àti owó tí ẹ ó kó lé wọn lọ́wọ́. Nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa, o ní kí n sọ èrò mi. Èrò mi ni pé ẹ kò tíì fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dúró.

Nígbà tí wọ́n já ìwé gbélé-ẹ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn ọ̀gá rò pé àwa tí orúkọ wa kò jáde yóò máa dúpẹ́, a ó sì tẹra mọ́ṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A dúpẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọpẹ́ náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìpàdé lójijì, àyà wa á já. Bí ọ̀gá bá ti ilẹ̀kùn, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa.

Obìnrin kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó tí wọ́n kó iṣẹ́ àwọn méjì tó lọ lé lórí, láìfi ohunkóhun kún owó oṣù rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ló máa ń ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà, àmì tó sì ń fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan kò yé ẹlòmíràn. Ni obìnrin yìí bá ń pè é lórí fóònù lálaalẹ́ láti béèrè ìtumọ̀ wọn. Ọkùnrin náà ń dá a lóhùn, títí di ọjọ́ tí kò gbé fóònù mọ́, ta ni yóò sì dá a lẹ́bi? Láti ìgbà náà ni obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nípàdé ti di ẹni tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ mọ́. Bí àkókò àtilọ sílé bá ti tó, á pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó di ilé. Nígbà tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu ya ọ̀gá wa, ó ní kò ráhùn rí. Ẹni tó bá ti ń wá iṣẹ́ sí ibòmíràn kì í ráhùn.

Àwọn tó mọṣẹ́ jù ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí àwọn ni ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ṣetán láti gbà. Lọ́dún 2008, Charlie Trevor àti Anthony Nyberg, àwọn onímọ̀ nípa ìṣàkóso òṣìṣẹ́, gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí ilé-iṣẹ́ bá dín òṣìṣẹ́ kù, iye àwọn tó ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn kúrò níbẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí i, àmọ́ pé ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti ní ọ̀nà tó ṣeé gbọ́kàn lé láti fi ẹjọ́ sùn, ọ̀rọ̀ náà kì í le tó bẹ́ẹ̀. O rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Twitter lóṣù kọkànlá ọdún 2022: Elon Musk, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ náà, dá nǹkan bí ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, kò sì pẹ́ tó fi kọ̀wé sí àwọn tó kù pé kí wọ́n gbà láti máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó tàbí kí wọ́n gba owó oṣù mẹ́ta máa lọ. Ọ̀pọ̀ wọn lọ.

Nokia ni mo fẹ́ kí o fi han ìgbìmọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé-iṣẹ́ wọn ní Bochum, ní Jámánì, pa lọ́dún 2008, ìwọ́de ńlá ló bẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 2011 tí wọ́n tún fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Bridge, tó ń bá ẹni tó ń lọ wá iṣẹ́ mìíràn, tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ tuntun, tó sì ń fún ẹni tó bá fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lówó ìbẹ̀rẹ̀. Ètò yẹn kò gba òwò fóònù wọn là, mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé ó gbà á là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ́kù rí bí wọ́n ṣe ṣe sí ẹni tó lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ bí wọn yóò ṣe ṣe sí òun náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa dín òṣìṣẹ́ kù, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é níbi tiwa ló ba ọkàn wa jẹ́ jù. Ohun tí ẹ kò bá tíì mọ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó mọ̀ ọ́n, torí ibi tí aláṣẹ bá ti dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ àhesọ ti ń rí àyè. Kí ìgbìmọ̀ yín tó tún jókòó, mú orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró, kí o kọ iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí iwájú orúkọ rẹ̀, kí o sì bi àwọn ará ìgbìmọ̀ pé ta ni yóò máa ṣe é, àti èwo ni ilé-iṣẹ́ ti ṣetán láti pa tì. Kọ ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.