Kì í ṣe ìgbéraga, Bàbá, ṣọ́tééjì ni

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti Iléṣà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èyí tí wọ́n ti ní àwa ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́, pé ọmọbìnrin àwọn tó ti jáde yunifásítì rí iṣẹ́ ní fast food kan, ó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ní òun ò lọ mọ́, ó wá jókòó sílé ó ń tẹ fóònù. Bàbá ní ìgbéraga ni. Èmi ní ṣọ́tééjì ni, ìyẹn owó tó bá dín lórí káńtà tí wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ san. Wọ́n ní láyé tiwọn èèyàn á ru búlọ́ọ̀kù, á ṣe lébìrà, ojú ò sì ní tì í. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín, mo tún kà á sókè fún ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Bàbá, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ o, ẹ má ní ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi gan-an ni irú ọmọ tí ẹ̀ ń wá yẹn, èyí tí ò kọ iṣẹ́. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti kàwé, Economics ni mo ṣe ní OAU, 2017 ni mo wọlé, 2023 ni mo jáde, kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin o. Ẹ ka kòrónà mọ́ ọn, ẹ ka ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020, ẹ wá ka ti 2022 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì tí ò sì parí àfi 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko, gbogbo Ifẹ̀ dá wáí, àwọn tó ń tajà ní Campus Gate ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin. Mo lọ sin ìlú ní Kebbi, ₦33,000 ni wọ́n ń fún agùnbánirọ̀ nígbà yẹn, ìgbà tí ₦77,000 fi máa bẹ̀rẹ̀ sí wọlé ní 2025 èmi ti dé sílé, mo ti ká kákí mi sínú àpótí. Oṣù méje ni mo fi pín CV káàkiri. Ilé ìwé aládàáni kan ní Parákìn fẹ́ gbà mí, ₦25,000 lóṣù, màá kọ́ wọn ní Math, màá kọ́ wọn ní Social Studies, màá tún máa jókòó sínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé láàárọ̀ kí ọmọ kankan má bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo wá rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì fast food kan ní Lágèrè, tí wọ́n ní ₦45,000, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú tì mí ṣá, mi ò ní purọ́. Ìtìjú yẹn ò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀ ni ọmọ kíláàsì mi kan wọlé tòun ti ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀, mo fa fìlà mi wálẹ̀ débi pé mi ò rí ohun tí mò ń tẹ̀ lójú ẹ̀rọ, mo tẹ ṣàwámà méjì fún ẹni tó ní ọ̀kan lòun fẹ́. Ó dá mi mọ̀ náà ni. Ó sún mọ́ káńtà, ó ní, “Ìwọ rè é! Jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn níbí?” Àtọjọ́ náà ni mo ti tún fìlà mi dé dáadáa. Màámi ní tiwọn, wọ́n ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́jà pé akántáǹtì ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní Lágèrè. Wọ́n yà lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wo jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo bù fún wọn, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, “Ṣé èyí tí mo máa tọ́ wò nìyí àbí oúnjẹ gan-an?” Mo ní oúnjẹ gan-an ni, Ma, ṣíbí kan ni wọ́n ní ká máa bù, a sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dé ilé wọ́n tún ro àmàlà.

Iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ le, ṣùgbọ́n èèyàn ń kọ́ ọ. Adìẹ tó ti inú fíríìsà jáde, tí omi yìnyín ò bá tíì ro tán lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá jù ú sínú òróró gbígbóná á ta padà bíi báńgà ọdún Kérésì. Àpá mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo lè sọ ọjọ́ tí mo gba ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín. Ṣífìtì ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ láago méjì dé aago mẹ́wàá alẹ́, lórí ìdúró, kò sí àga lẹ́yìn káńtà nítorí wọ́n ní àga ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ máníjà ní àga tiwọn nínú AC. Ilẹ̀kùn bá ti dún, gbogbo wa á kígbe “Ẹ káàbọ̀ o!” kódà tó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ owó nìkan ló wọlé. Gbogbo èyí mo lè fara dà á, ẹni tó bá ti ta tòmátì nínú oòrùn ọjà rí ò ní pe èyí ní ìyà.

Ṣọ́tééjì ni mo fẹ́ kí Bàbá mọ̀ nípa ẹ̀.

Tá a bá pa ilẹ̀kùn dé lálẹ́, wọ́n á wo iye tí ẹ̀rọ ní mo tà, wọ́n á ka owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á ka ti POS, wọ́n á ka tiránsífà. Tó bá dín, èmi ni màá san án. Tó bá lé, ti kọ́ńpìnnì ni. Alẹ́ Sátidé kan báyìí, èrò kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ Campus ti kúrò níbi àríyá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS ti kú, tiránsífà ni gbogbo èèyàn ń ṣe. Bọ̀ọ̀dá kan tó múra bí ọkọ ìyàwó, tó ń ta sàn-án-sàn-án, ra adìẹ, ìrẹsì àti mínírà kan, ₦4,600 lápapọ̀, ó na fóònù sí mi, ó ti wọlé, àmì tútù wà níbẹ̀. Èmi wo fóònù tiwa, mi ò rí alert. Mo pe máníjà, mo ní alert ò tíì wọlé o. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń pariwo. Máníjà ní, “Fún un jàre, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, á wọlé.” Mo fún un. Ó tiẹ̀ tún gba tíṣù.

Kò wọlé lálẹ́ yẹn, kò wọlé ní Monday, títí di òní tí mò ń kọ lẹ́tà yìí kò tíì wọlé. Mo ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n fún un, Ma.” Wọ́n ní, “Ṣé èmi ni mo wà lórí káńtà ni?” Wọ́n gbé ìwé ńlá kan jáde, mo kọ orúkọ mi, mo kọ ₦4,600, mo sáìn. Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ nígbà yẹn, iná fóònù ni mo fi sáìn ín.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. ₦45,000. Ọ̀pá ni mò ń gbé, ọkọ̀ ọ̀sán ₦300, ọ̀kadà alẹ́ ₦500 nítorí ó ti lé láago mẹ́wàá, ₦800 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ₦20,800 nìyẹn. Àtìgbà tí wọ́n ti kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ ò jókòó sójú kan mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó ku ₦24,200. Ṣọ́tééjì oṣù yẹn, ti bọ̀ọ̀dá onítíṣù àti ₦1,350 kan tí mi ò tíì mọ bó ṣe lọ títí dòní, ₦5,950. Ohun tó dọ́wọ́ mi ni ₦18,250. Mo ní Economics o, Bàbá, mo ṣírò ẹ̀ lójú ọ̀nà kan, mo tún ṣírò ẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, iye kan náà ni.

Ẹ ò wá ní owó oṣù tó kéré jù lọ ti di ₦70,000 láti oṣù keje 2024 tí Ààrẹ Tinubu ti buwọ́ lù ú? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan tó ń kọ́ òfin ní Campus, tó máa ń dúró dìgbà tí a bá fẹ́ palẹ̀ kó lè ra míìtì páì tó kù, òun ló là mí lóye pé òfin yẹn yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn ò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Mo délé mo ka àwa tá a wà níbẹ̀ lórí ìka, pẹ̀lú mẹ́gáàdì, mọ́kàndínlógún. Kò sóhun tí mo fẹ́ sọ sí ìyẹn. Mo tiẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń ra dísẹ̀lì, mo mọ iye tí àpò fùláwà kan ti dà, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà ò sùn dáadáa, mo gbà.

Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ní nǹkan kejì tó sọ, èyí ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ó ní nínú Labour Act, Section 5, agbanisíṣẹ́ kan ò gbọ́dọ̀ yọ owó ìtanràn lára owó oṣù òṣìṣẹ́, pé tó bá tiẹ̀ jẹ́ àdánù tí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fà tàbí tó fi àìbìkítà ṣe, kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀, ọ́físà iṣẹ́ ti ìjọba gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fọwọ́ sí i. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, ó fi hàn mí lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì mo rọra bi máníjà wa pé ta ni ọ́físà tó fọwọ́ sí tèmi, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n lọ nu tábìlì mẹ́fà. Mo nù ún.

Nítorí náà, Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní akọ̀ròyìn, ẹ rán wọn lọ sáwọn káńtà wọ̀nyí, kì í ṣe tiwa nìkan o, Ifẹ̀, Iléṣà, Òṣogbo, kí wọ́n béèrè fún ìwé ṣọ́tééjì, kí wọ́n wo ẹni tó sáìn sí i àti ẹni tí ò sáìn.

Bàbá wa ní Iléṣà, ẹ bi ọmọ yín dáadáa, ẹ má fi ìbínú bi í, iye tí wọ́n yọ lára owó ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Tó bá sì tún fẹ́ gbìyànjú, tó lè máa wá sí Ifẹ̀, àyè ti ṣí lọ́dọ̀ wa láti Tuesday tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tí mo ka lẹ́tà yín fún yẹn ló lọ. Kó mú pásípọ́ọ̀tù méjì dání àti onídùúró méjì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Kó béèrè mi lẹ́yìn káńtà, wọ́n ti gbé mi sí ṣífìtì àárọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró de alert kéèyàn tó na ọ̀rá sí kọ́sítọ́mà, ẹni tó bá fẹ́ kó pariwo.

Èmi ni,
Káṣíà kan ní Lágèrè, Ilé-Ifẹ̀.