Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Wọ́n Pè Ní Ọmọ Ẹrú

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Ìbejì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo mọ̀ pé ẹ ò retí lẹ́tà lọ́dọ̀ mi. Láti ọjọ́ ìpàdé ẹbí tó kọjá ni mi ò ti lè pè yín. Bí mo bá tẹ nọ́ńbà yín, màá tún pa á kó tó dún. Àgbádárìgì ló wá fa èyí tí mo ń kọ yìí.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní ká lọ. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣe ìrìn-àjò, lọ́dún yìí wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ibi tí ìyìn rere ti kọ́kọ́ balẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ sáà mọ̀ wá. Ańkárá kan náà la wọ̀, kúlà ìrẹsì mẹ́ta wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, orin ò dá láti Mile 2 títí a fi kọjá Agbára. Ọ̀nà yẹn ò tíì jáwọ́ nínú fífi ìyà jẹ ènìyàn. Bó bá dán lọ díẹ̀, kòtò á dé, orin á dúró, ẹnì kan á pe Jésù, orin á tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi igi Agíà la kọ́kọ́ dé. Igi náà ti wó lọ́dún 1959, òpó ìrántí ni wọ́n gbé sójú ẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù ní ọdún 1842. Àwọn ìyá jó, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n ya fọ́tò. A kọjá sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, èyí tí míṣọ́nnárì Gollmer àti àwọn èèyàn rẹ̀ kọ́ parí ní 1845, a gun àtẹ̀gùn pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú ilé yẹn ni afinimọ̀nà ti sọ ìtàn Àjàyí Crowther. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ìwé ni: pé wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821, pé wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, pé ẹṣin ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀ nígbà kan, tábà àti ọtí nígbà mìíràn, kó tó di pé ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822. Ohun tí mi ò ronú kàn rí ni pé láti Àgbádárìgì yìí ló ti dìde lọ sí Abẹ́òkúta, àti pé Abẹ́òkúta tiwa níbẹ̀ lòun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn ní 1846, lẹ́yìn bí ọdún 25. Mo wẹ̀yìn wo gbogbo àwọn ìyá tó ń mi orí. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Bíṣọ́ọ̀bù ní ọmọ ẹrú.

Ilé Ṣẹ́ríkì Abass ló wá yí ọjọ́ náà padà.

Wọ́n ní yàrá 40 ló wà níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, wọ́n sì ń kó èèyàn 40 sínú yàrá kan títí ọkọ̀ ẹrú á fi dé. Afinimọ̀nà ní ká wọlé ká wò ó. Àwa mọ́kànlélógún la lọ. Nígbà tí ẹni kẹrìnlá wọlé, èjìká ti ń kan èjìká, etí gèlè ẹni tó wà níwájú mi ń gún mi lójú. Ihò kan péré ni fèrèsé, òkè orí wa ló wà. Òógùn, lọ́fínńdà, òórùn ìrẹsì tí a jẹ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ìyá Ìjọ wa tí kì í dákẹ́ dákẹ́. Ẹnì kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jáde." A ò tíì lo ìṣẹ́jú méjì. Níta, aṣọ ọmọdé ló sá lórí okùn nínú àgbàlá, torí àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀, adìẹ sì ń jẹ̀ kiri lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa.

Ta wá ni Ṣẹ́ríkì yìí? Ọmọ Yorùbá ni o, ọmọ Ìjọ̀gá-Orílé lágbègbè Ìlaròó. Ifárẹ̀mílẹ́kún lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Àwọn ará Dàhòmì ló kó o lọ́mọdé. Ó bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú kan tó ń jẹ́ Abass, ó tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì tó ń jẹ́ Williams, ìyẹn ló gbé e lọ sí Brazil. Orúkọ àwọn olówó rẹ̀ méjèèjì ló ń jẹ́ títí ó fi kú ní 1919. Ó gbọ́ èdè òyìnbó, ó mọ òwò, ó padà wálé. Òwò wo ló wá ń ṣe? Òwò tí wọ́n fi òun alára ṣe. Wọ́n sì fi í jẹ Ṣẹ́ríkì Mùsùlùmí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún sọ ọ́ di olórí lórí àwọn olóyè ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ohùn Bàbá wa fi dún létí mi.

Ẹ rántí bí ọjọ́ náà ṣe rí. Òjò ń rọ̀, òrùlé ilé ẹbí ń jò ní igun tó máa ń jò, ẹ̀yin lẹ sì lọ gbé báàfù síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ olórí ẹbí ló wà nílẹ̀. Ìdí-igi mẹ́ta la jẹ́ nínú ẹbí, méjì ti jẹ, ó kan tiyín, kò sì sẹ́ni tó dàgbà jù yín lọ nínú ìdí-igi yín. Bàbá ò tiẹ̀ gbóhùn sókè. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n fi owó ẹyọ ra ìyá ńlá rẹ̀ ò lè jókòó lórí àga bàbá wa. Ọmọ ẹrú ni." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé epo ti wọ́n lọ́jà. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ da omi inú báàfù nù, ẹ gbé e padà sábẹ́ ibi tó ń jò, ẹ wọ bàtà yín, ẹ sì lọ.

Èmi ni akọ̀wé. Báírò wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ìpàdé ni: "A sún ọ̀rọ̀ olórí ẹbí síwájú." Ẹ̀yin tí ẹ san owó WAEC mi nígbà tí Bàbá mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin ni wọ́n bú lójú mi, mo sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó dáa kọ ọ́ pé a sún un síwájú.

Nílé àwọn Mobee, níbi tí wọ́n kó àwọn ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de ẹrú pamọ́ sí, mo rí irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu èèyàn pa kó má bàa sọ̀rọ̀. Mo wo ìyẹn díẹ̀, mo kúrò níbẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ẹ̀wọ̀n ni mi ò lè kúrò níwájú ẹ̀. Ọrùn ọwọ́ tèmi ò lè wọ inú ẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, méje, ló lè gbà. Afinimọ̀nà sọ pé nítorí agboòrùn kan péré, èèyàn 40 ni wọ́n ń fún òyìnbó. Agboòrùn wà lábíyá mi, èyí tí mo rà ní Òṣòdì lọ́jọ́ tí òjò ká mi mọ́. Mo tì í sínú báàgì.

Òyìnbó, òyìnbó ni gbogbo wa ń sọ lọ́jọ́ yẹn, òyìnbó sì jẹ̀bi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ kò sí òyìnbó nínú igbó Òṣogùn lọ́jọ́ tí wọ́n kó Àjàyí. Ìyálóde wa, Ẹ̀fúnróyè Tinúbú, tí àwa Ẹ̀gbá fi ń yangàn, Àgbádárìgì yìí ló ti rí ṣe: iyọ̀, tábà, àti ẹrú. Ìta ńlá ń jẹ́ orúkọ wọn l'Ékòó. Bàbá wa á dìde dúró bí wọ́n bá ń ki Tinúbú. Ẹni tó tà ò lábùkù, ẹni tí wọ́n tà ló ní in, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á sì jogún rẹ̀.

A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gberefu, erékùṣù tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sétí òkun. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ìdè tèmi ti já, mo fi ìborùn so ó. Ògù ni ọlọ́kọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ, wọ́n sọ "yovo", wọ́n rẹ́rìn-ín; òyìnbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, mo sì wẹ̀yìn bóyá òyìnbó kan wà nínú ọkọ̀, kò sí. Tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀, iyanrìn ló kù láti rìn láàárín igi àgbọn títí dé etí òkun. Oòrùn mú. Àwọn ìyá bọ́ bàtà, iyanrìn jó wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n tún un wọ̀.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n má bàa jà nínú ọkọ̀. Mo bi afinimọ̀nà bóyá omi náà ṣiṣẹ́. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ṣì ń bọ Ògún ní Brazil. Ṣé ìṣe ẹni tó gbàgbé nìyẹn?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwa tá a kù sílé wá ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó ní ìparí ọdún 1851, tí ọjà ẹrú etí òkun ń kú lọ, ogun ò dáwọ́ dúró lókè, wọn ò sì yé kó èèyàn. Epo pupa ni òyìnbó ń bèèrè báyìí. Ẹni tí wọn ì bá ti kó rékọjá òkun wá dẹni tó ń ṣe epo, tó ń roko, tó ń rẹrù nílé àwa fúnra wa. Bí wọ́n ṣe ra ìyá ńlá yín nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó lọ ọ̀gì, ó ro ẹ̀kọ, bàbá ńlá wa sọ ọ́ daya, ó bímọ. Ẹ̀jẹ̀ bàbá ńlá kan náà ló wà lára wa. Oríkì bàbá náà gùn tó wákàtí kan, orúkọ ẹṣin rẹ̀ wà nínú ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n sórí. Ìyá Ẹlẹ́kọ lásán ni gbogbo wa ń pe ìyá yìí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn ni mo rántí ohun tí Ìyá Àgbà máa ń sọ: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò ronú kan ìyá tí kò gbọ́ yẹn rí. Obìnrin kan wá ọmọ rẹ̀ títí. Níbo? Ìlú wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́.

A padà sílé lálẹ́. Mo ra àgbọn mẹ́fà fún Ìyá Ìbejì, wọ́n wà lọ́dọ̀ mi.

Ìwé ìpàdé ni mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí mo wọlé. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo kọ ẹni tó sọ ọ́, mo sì kọ ọ́ pé akọ̀wé fo ọ̀rọ̀ náà nígbà àkọ́kọ́. Ní ìpàdé oṣù kejìlá, èmi ni màá ka àkọsílẹ̀, màá sì kà á jáde. Wọ́n lè gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, kò burú. Mi ò ní kẹ́ ẹ wá. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ kí n kà á, ẹ sọ fún mi, ojú yín ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn.

Àmọ́ mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Mo kọ ọ́ débì kan pé, "Ìyá ńlá wọn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́," mo wá dúró. Màmá yín nìkan ló kù tó lè mọ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n lówùúrọ̀, nígbà tí orí wọn bá pé, kí ariwo àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni wọ́n rántí, ó tó. Bí wọ́n bá rántí ìlú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Mo ti fi ìlà méjì sílẹ̀.

Àbúrò yín,
Akọ̀wé.